Ibi Tí Sọ́ọ̀ Ti Ń Di Dò

Òórùn kàfúrà ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn níbẹ̀. Kí o tó rí ẹnikẹ́ni, kí o tó gbọ́ ohùn kankan, bí o bá ti ti ilẹ̀kùn yàrá akọrin tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlaròó, kàfúrà inú àpótí aṣọ akọrin á ti wọ imú rẹ. Òórùn ìwé àtijọ́ tí àdán ti tọ̀ sí á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni òógùn àwọn ọjọ́ Ìsinmi tó ti kọjá, èyí tí kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ kúrò lọ́rùn aṣọ funfun. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, mo sì ti gbọ́ òórùn tó dára ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní kí n dijú kí n tọ́ka sí ibi tí ilé wà, yàrá yẹn ni n ó nàka sí.

Lára ògiri rẹ̀ ni pátákó sọ́fà wà. Bàbá wa ló kùn ún lọ́dà dúdú, òun ló sì fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ àwọn ohùn sí i láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí àkàsọ̀: dò, re, mí, fà, sọ́ọ̀, là, tì, títí a ó fi tún bá dò mìíràn pàdé lókè. Ní apá ọ̀tún àkàsọ̀ yìí, ó gbé òmíràn tì í, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìsàlẹ̀ wọn dọ́gba. Dò ti àkàsọ̀ kejì kò bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ sọ́ọ̀ ti àkọ́kọ́ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ọwọ́ akunlé ló yẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò yẹ̀ o. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ lónìí, ibi tí àkàsọ̀ méjèèjì ti fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn yẹn ló ti ṣẹlẹ̀.

Tíṣà ni bàbá wa, òun náà sì ni ọ̀gá akọrin títí ó fi kú. Kò sí ohun tí kò lè fi yé ọmọdé, àfi ti yíyí kíì padà láàrín orin, èyí tó kọ́kọ́ dà á láàmú. Kíì, bí ìwọ náà ṣe mọ̀, ni ilé tí orin ń gbé. Ohùn tí a bá pè ní dò ni ìpìlẹ̀ ilé náà, lára rẹ̀ sì ni gbogbo àwọn yòókù ti ń mọ ipò wọn. Orin lè bẹ̀rẹ̀ nínú ilé kan kí ó sì kó lọ sí òmíràn kí ó tó parí. Báwo ni yóò ṣe kó lọ tí àwọn akọrin kò ní ṣubú lójú ọ̀nà? Bàbá ṣàlàyé títí, ẹ̀fọ́rí mú wa. Lọ́jọ́ kan ó kó èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọkọ̀ lọ sí Owódé, lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ tó ń ta aṣọ níbẹ̀, ó sì mú wa dé ẹnubodè ní Ìdírókò. Obìnrin kan jókòó lórí àpótí lẹ́bàá okùn tí àwọn aṣọ́bodè fi dínà, ó ń ta búrẹ́dì gígùn. Àwọn tó ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ ń pè é ní Ìyá Búrẹ́dì. Àwọn tó ń ti òdìkejì bọ̀ ń fi èdè Faransé kí i pé, "Bọ́júù, Màdáàmù." Ó ń dá tọ̀tún tòsì lóhùn láìdìde.

Bàbá tẹ̀ wá lọ́rùn díẹ̀ kí a lè wò ó dáadáa. "Ṣé ẹ rí i? Kò kúrò lójú kan. Orúkọ ló yí padà. Bó bá ti jẹ́ orúkọ kejì báyìí, ìlú kejì ló wà."

Ọjọ́ yẹn ló yé wa. Nínú ìwé sọ́fà, ohùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ohùn afárá. Orin ń lọ nínú kíì G, ó dé orí sọ́ọ̀, akọrin á di ohùn náà mú, kò ní fò, kò ní yẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀ á pa orúkọ rẹ̀ dà, á pè é ní dò. Bí ó bá ti pè é bẹ́ẹ̀, kíì D ló wà, ojú ọ̀run tuntun ti ṣí lókè orí rẹ̀. Ohun kan tún wà tí Bàbá máa ń sọ, tí mo fi ń rẹ́rìn-ín nígbà náà, tí n kò lè fi rẹ́rìn-ín mọ́. Èdè wa, bí o ṣe mọ̀, kì í gbà kí a kọ orin bó ṣe wù wá. Bí ohùn bá wálẹ̀ níbi tó yẹ kó lọ sókè, ìlú á di ìlù. Ẹnì kan bi í pé ṣé ọ̀rọ̀ orin kò ní bàjẹ́ bí a bá gbé e kúrò ní kíì rẹ̀. Ó ní, "Rárá. Gbogbo ilé ni ẹ gbé, kì í ṣe àjà nìkan. Bí gbogbo ilé bá gbéra pọ̀, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò tiẹ̀ ní mọ̀."

Ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Bàbá kọ orin ìkórè kan fún ohùn rẹ̀. A kò tẹ̀ ẹ́ sí ìwé rí; inú ìwé tí Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni a ti ń wò ó kọrin, ìwé tó ti pupa bí ewé tíìkì. Ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ wà nínú kíì G, gbogbo akọrin ló ń kọ ọ́. Nígbà tó bá di ẹsẹ kẹta, gbogbo ẹnu á pa mọ́ lórí sọ́ọ̀, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni yóò ku lórí afárá. Yóò di ohùn náà mú, yóò sọ ọ́ di dò, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, láti D títí dé A tó wà lókè pátápátá, níbi tí ọ̀rọ̀ orin ti ń sọ pé a ó délé. Ìgbà tó bá dé ilé yẹn ni àwa yòókù tó ń wọlé tẹ̀ lé e. Èmi ni mo ń tẹ dùùrù. Ọdún tó lé lọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tí mo ń wo èjìká rẹ̀ bó ṣe ń ga sókè nígbà tó bá fẹ́ gba èémí ńlá náà. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n máa ń wá láti Ayétòrò nítorí ibẹ̀ yẹn nìkan, tí wọ́n á sì padà sílé kí a tó ta ẹrù ìkórè tán.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, Bàbá ti kú ti pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà tó ń ṣe ní Igbógìlà. Lórí ọ̀kadà ló ń lọ tó ń bọ̀, nígbà tí ohùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í há, eruku ọ̀nà ló dá lẹ́bi. Ó ń mu oyin, ó ń jẹ orógbó, ó ń fi ìborùn di ọrùn. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé ìborùn náà ń ga sí i. A lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Abẹ́òkúta. Dọ́kítà fi ìka méjì tẹ ọrùn rẹ̀, ó ní gẹ̀gẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn bó ṣe le. Ó ní kí a jẹ́ kí wọ́n gé e jáde, kí a má sì jẹ́ kó pẹ́. Ó tún ní ohùn rẹ̀ lè ṣàì padà sí bó ṣe wà. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ orin bàbá mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìkórè, n ó wá." Dọ́kítà wo kàlẹ́ńdà, ó gbà.

Ọjọ́ Ẹtì ni a bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, lẹ́yìn aago mẹ́rin, oòrùn ṣì ń wọlé láti ojú fèrèsé. Nígbà tó di ẹsẹ kẹta, gbogbo ẹnu pa mọ́, ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí afárá. Ó gba èémí. Ó gùn ún dé àárín, ohùn náà sì já bí òwú. Ó tún un ṣe, ó tún já. Kò sí ẹni tó wo ẹnì kejì. Ó ká ìwé Bàbá, ó fi í sínú báàgì, ó ní, "Bóyá kí a wá ọmọ mìíràn fún un." Bó ṣe sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé kí wọ́n bá òun fọ abọ́, ni kò jẹ́ kí n sùn.

Dùùrù oníná ni a ń lò nígbà náà, èyí tí àwọn ọmọ ìjọ tó wà lókè òkun fi ránṣẹ́. Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tó jẹ́ pé bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo dùùrù á sọ̀ kalẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kékeré kan, bí àlàfo tó wà láàrín ìka dùùrù funfun àti dúdú tó fara tì í. Ìka rẹ á ṣì máa tẹ ibi tó ti ń tẹ láti ìgbà èwe, ṣùgbọ́n ohùn tí yóò jáde á ti rẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ìdánrawò, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ńbà pupa kan tàn lójú rẹ̀, mo sì ká áńkáṣíìfù mi lé e lórí bí ẹni tó fẹ́ máa nu òógùn. Lọ́sẹ̀ kejì mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ìkórè fi ku ọjọ́ mẹ́ta, ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń gùn ún láìkọsẹ̀, ó ń délé, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.

Kò mọ̀. Báwo ni yóò ṣe mọ̀? Gbogbo ilé ni mo gbé, kì í ṣe àjà nìkan. Ọ̀rọ̀ orin kò yí padà, ìlú kò di ìlù, sọ́ọ̀ ṣì ń di dò níbi tó ti ń dì í. Ẹ̀kọ́ tí Bàbá fi là wá lójú ni mo fi bo ojú ọmọ rẹ̀.

Àwọn báàsì nìkan ni ọ̀rọ̀ náà tètè kàn, nítorí àwọn ló ń gbé ìsàlẹ̀. Àgbà wọn jẹ́ káfíńtà, ọkùnrin tó ga, tó ní ohùn bí ẹni ń yí ọlọ. Bàbá Báàsì ni gbogbo wa ń pè é. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn, ó da ìwé dé. "Atẹdùùrù, ṣé kànga lo ní ká máa gbẹ́ ni? Omi ti kàn mí lẹ́sẹ̀ o."

Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ tètè máa gòkè bọ̀, kí wọ́n má lọ bò yín mọ́bẹ̀."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí wọn, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí. "Ọ̀lẹ ló ń ṣe ẹ̀yin ọkùnrin yìí. Èmi tí ọ̀fun ń dùn ń gòkè, ẹ̀yin tí nǹkan kan ò ṣe ò lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má ba orin bàbá mi jẹ́ fún mi!" Bàbá Báàsì wo mí. Ó wo áńkáṣíìfù tó wà lórí dùùrù. Ó tún ìwé rẹ̀ ṣí.

Bí o bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè, wàá sọ pé kò sí ohun tó dùn tó o láyé. Iṣu àti àgbàdo kún iwájú pẹpẹ, ewúrẹ́ kan ń ké lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó dúró lórí afárá, ó gùn ún, ó sì dé. Àwọn ìyá ìjọ dìde, wọ́n ń ju ìborùn sókè. Mo ń sunkún lórí dùùrù, mo rò pé ayọ̀ ni. Lọ́kàn mi mo ní, ó tán, mo ti fún un ní ohun tó fẹ́, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ a ó lọ sí Abẹ́òkúta.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Alùfáà ní kí ẹni tó ní ẹ̀rí jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ló jáde. N kò mọ̀ pé ó fẹ́ jáde. Ó tú ìborùn ọrùn rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. "Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yọ̀. Ẹ̀yin náà gbọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀bẹ tí dọ́kítà pọ́n dè mí, Ọlọ́run ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn mi ti padà! Mo ti ránṣẹ́ sí wọn pé n ò wá mọ́." Ìjọ hó yèè. Alùfáà yíjú sí mi pé kí n lu orin ọpẹ́, kí wọ́n bá a jó. Mo lù ú.

Ìwọ náà á bi mí pé kí ló dé tí n kò dìde lójú ẹsẹ̀. Mo ti bi ara mi ju bí o ṣe lè bi mí lọ. Mo ní kí ayọ̀ yẹn rọlẹ̀ díẹ̀. Mo ní lẹ́yìn Kérésì. Mo ní lẹ́yìn ọdún tuntun. Mo dé ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu; lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló ń kọrin nígbà tí mo wọlé, mo sì jẹun tó gbé fún mi, mo padà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣáà lọ fi ọrùn náà han dọ́kítà. Ó ní, "Àbúrò, ṣé ìwọ náà ò gbà gbọ́ ni? Ìwọ tó o wà lórí dùùrù?" Ìborùn náà tún ti padà sọ́rùn rẹ̀, ó ní ọyẹ́ ló mú òun.

Oṣù márùn-ún kọjá báyìí. Alùfáà fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́yìn Àjíǹde, ohun kan ṣoṣo tó sì bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a kọ orin ìkórè Bàbá fún òun lọ́jọ́ ìdágbére. A péjọ lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n ti mú iná lọ láti àná. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, wọ́n fà á títí okùn rẹ̀ fi já. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá ní, "Dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ dà? Ṣebí òun ni Bàbá lò." Bàbá Báàsì àti àwọn ọkùnrin méjì gbé e jáde láti ìsàlẹ̀ àkàsọ̀ agogo, wọ́n nu ọ̀pọ̀ ọdún kúrò lára rẹ̀. Dùùrù yẹn kò ní bọ́tìnnì. Ẹsẹ̀ ni a fi ń fẹ́ ẹ, kíì tí wọ́n bí i mọ́ ni yóò bá kú.

Mo ṣì lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, ọ̀rẹ́ mi. Láàrín ìgbà tí wọ́n fi ń nu eruku yẹn, mo lè pe ẹ̀gbọ́n mi sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo jókòó, mo fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, mo sì gbé orin náà ní kíì G gidi. Àwọn báàsì rọra gbéra, mo gbọ́ bí ohùn Bàbá Báàsì ṣe tú bí ẹni tó bọ́ bàtà tó há. Ẹ̀gbọ́n mi ya ojú díẹ̀ ní ẹsẹ àkọ́kọ́. Ní ẹsẹ kejì, ó ń wo pátákó sọ́fà, kò wo ìwé mọ́. Gbogbo ẹnu pa mọ́. Ó dúró lórí afárá, ó gba èémí, èjìká rẹ̀ ga, ohun tó sì jáde kì í ṣe orin. Èémí lásán ni, bí ìgbà tí a bá ya aṣọ. Kò tún un ṣe. Ó yí padà, ó wo ọwọ́ mi lórí dùùrù, ó wá wo ojú mi. Ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ.

Mo bá a nílé, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo pẹrẹsẹ. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò ní kí n dìde.

"Ìṣísẹ̀ mélòó?"

"Mẹ́rin, Àǹtí mi."

Ó mú ẹyọ ẹ̀wà mẹ́rin, ó tò wọ́n sétí àwo, ó ń fi ìka sún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kà á sọ̀ kalẹ̀. Ó dé ẹyọ kẹrin. "Ìyẹn ni pé orí F ni mo dúró sí, tí mò ń pariwo fún gbogbo ayé pé mo ti dé A." Ó gbé ojú sókè wò mí. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Inú yín dùn ni, mà."

"Inú mi dùn." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Àbúrò, èèyàn ò lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tán. Etí tìrẹ ni mo fi ṣe etí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ ẹ̀yìn sí ọ." Lẹ́yìn náà ló kó ẹyọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sínú àwọn yòókù. "Dìde. Lọ bá mi pe ọkọ̀ Abẹ́òkúta fún ọ̀la."

Bàbá Báàsì dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Mo mọ̀ láti ọjọ́ kànga. Mo rò pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ mọ̀ ọ́n." Ó gbọn orí, ó lọ. N kò rí ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n tíì sọ sí mi tó wúwo tó ìyẹn, ó sì dá mi lójú pé kò sọ ọ́ láti bú mi.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó yè é, ṣùgbọ́n wọn kò lè yọ gbogbo rẹ̀, ohun náà sì ti wé mọ́ iṣan tó ń gbé ohùn. Láti ọjọ́ yẹn, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nìkan ló kù fún un, bí ewé gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń fà lórí sìmẹ́ńtì. Dọ́kítà ní a pẹ́ díẹ̀. N kò bi í bóyá oṣù márùn-ún ló ń pè ní díẹ̀, n kò sì bi í pé ká ní a kò pẹ́ ńkọ́. Mo láǹfààní láti bi í lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń wo bàtà rẹ̀ ni.

Mo rò pé kò ní wọ yàrá akọrin mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tó délé, ó wọlé, ó mú ọ̀pá tí Bàbá fi ń tọ́ka sí pátákó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní orin náà láìsọ̀rọ̀. Ṣé o rántí àmì ọwọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ wa ní sọ́fà nílé ìwé? Dò ni ẹ̀ṣẹ́ dídì. Sọ́ọ̀ ni àtẹ́lẹwọ́ ṣíṣí tó kọjú sí àyà. Nígbà tí àwọn ọmọ bá dé orí afárá, ó máa ń na ọwọ́ ṣíṣí náà síwájú wọn, yóò dúró, yóò wá dì í ní ẹ̀ṣẹ́ níbi tó wà gan-an, kò ní jẹ́ kó ga, kò ní jẹ́ kó rẹlẹ̀. Àwọn ọmọ á sì gba orúkọ tuntun, wọ́n á gùn lọ. Ní ìkórè ọdún náà, mẹ́ta nínú wọn ló pín ibi tí òun nìkan máa ń kọ. Mo ti yọ áńkáṣíìfù kúrò lórí dùùrù. Kó tó di pé mo bẹ̀rẹ̀, ó wá, ó tẹrí wo ojú dùùrù, ó rí i pé òfo ni, kò sí nọ́ńbà pupa níbẹ̀. Ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó padà síbi tó dúró sí. Bí ó dárí jì mí lọ́jọ́ yẹn ni o, bí kíákíá ló fẹ́ kí n ṣe ni o, n kò lè sọ.

Ó lo ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ọrùn náà tún wú, ó ní òun kò lọ mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo lọ jókòó tì í nínú yàrá. Àwọn tírélà tó ń ti ọ̀nà Ìbèsè bọ̀ ń kọjá, gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pàápàá ti tán lẹ́nu rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ orin Bàbá, jẹ́ẹ́jẹ́, níbi tó rọ ọ̀fun arúgbó lọ́rùn. N kò tíì kọ ìlà kan tán tó fi mi orí. Ó gbé àtàǹpàkò sókè. Mo gbé e ga díẹ̀. Ó tún mi orí, ó tún gbé àtàǹpàkò. Ẹni tí kò mọ̀ nígbà kan pé ilé ti rì ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, lórí ibùsùn ikú ni ó ti mọ ibi tí G wà. Mo wá a títí ó fi dijú pé ó tó.

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bí ọkùnrin ṣe ń kọ ọ́. Mo dé orí sọ́ọ̀, mo dì í mú. Ọwọ́ rẹ̀ dìde lórí aṣọ ìbora, ó ṣí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sí àyà. Ojú mi kò kúrò lára rẹ̀. Bí mo bá fẹ́, mo lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀. Arúgbó ni mí, kò sí ẹni tí yóò bi mí. Ọwọ́ náà dì ní ẹ̀ṣẹ́. Mo gùn ún. Ohùn mi ha, ó fọ́, ó já lójú A bí tirẹ̀ ṣe já lọ́jọ́ ọjọ́sí, mo tún gbá a mú, mo sì débẹ̀ pẹ̀lú èyí tó ṣẹ́kù. Kò dùn ún gbọ́. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rù bà mí, kí n tó rí i pé ẹ̀rín ló ń rín.

Ọjọ́ kẹrin ni a sin ín. Láti ìgbà náà, bí a bá dé orí afárá ní gbogbo ìkórè, mo máa ń gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí dùùrù. Àwọn akọrin tuntun rò pé bí Bàbá ṣe kọ ọ́ nìyẹn. N kò tíì sọ fún wọn pé èmi ni mi ò fọkàn tán ọwọ́ ara mi níbẹ̀. Mo ń dúró, mo ń gbọ́ àwọn ọmọ yẹn lórí D, láìsí ohun tó gbé wọn ró, títí wọ́n á fi fúnra wọn yan ìgbà tí wọ́n á gùn.